Ojú Ọ̀tún Gbígbẹ, Ojú Òsì Tútù

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o mọ̀ pé ojú rẹ kan ń tàn, èkejì ń tòògbé?"

Ìyá ìyàwó ló bi mí bẹ́ẹ̀, nǹkan bí aago méjì ọ̀sán ọjọ́ Sátidé, nínú gbọ̀ngàn kan ní Ring Road n'Íbàdàn, níbi tí mo ti ń bá wọn tún gèlè wé. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ẹ má bínú, Mọ́mì, nǹkan kan ni mò ń dán wò." Wọ́n wò mí tòkè tilẹ̀, bí ẹni fẹ́ bèèrè irú nǹkan wo lèèyàn ń fi ojú ara rẹ̀ dán wò, àmọ́ onígángan ti dé iwájú wọn, ó ti ń kì wọ́n, ọ̀rọ̀ tèmi bá bọ́ sílẹ̀.

Ohun tí mò ń dán wò ni pálẹ́ẹ̀tì eyeshadow aláwọ̀ méjìlá kan. Wọ́n kọ ọ́ sẹ́yìn páálí rẹ̀ pé èèyàn lè fi í kun ìpéǹpéjú ní gbígbẹ, èèyàn sì lè fi omi sí i. Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ mékọ́ọ̀pù, mo sì mọ̀ pé ẹ̀yìn páálí ò kọ ohunkóhun tí wọ́n bá kọ sí i. Kí n tó gbé e dé ojú ọmọ ẹlòmíì tó sanwó fún mi, ojú tèmi ni yóò kọ́kọ́ jẹ ẹ́. Mo bá kun ojú ọ̀tún ní gbígbẹ, mo kun ti òsì ní tútù, àwọ̀ kan náà, ọwọ́ kan náà, láti aago méje ku ogún ìṣẹ́jú àárọ̀ títí mo fi délé lálẹ́.

Ọjà Balógun l'Ékòó ni mo ti rà á. Mo wọ ọkọ̀ ojú irin láti Mọ́níyà, mo sọ̀ ní Ẹ̀bùté-Mẹ́ta, mo gba ibẹ̀ bọ́ sí Ìsàlẹ̀ Èkó. Ọmọkùnrin tó ń tà á pè é ní ₦16,000. Mo dá a ní ₦9,000. Ó ní, "Àǹtí, ẹ ò fẹ́ kí n jẹun lónìí ni?" Ìdí ₦12,500 la ti pàdé. Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Wọn ò bẹ̀ mí níṣẹ́, mi ò sì bá wọn jà, púpọ̀ nínú ohun tí mo rí lára tiwọn lẹ ó sì rí lára ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n bá ní ó ṣe é lò ní tútù àti ní gbígbẹ.

Kí n tó sanwó, mo yí i dà. Nọ́ńbà NAFDAC wà níbẹ̀. Àwòrán ìkòkò kékeré tó ṣí ìdérí sílẹ̀ náà wà níbẹ̀, 12M ló wà nínú rẹ̀, ìyẹn ni pé bí mo bá ti ṣí i, oṣù méjìlá ni mo ní. Mo fi báírò kọ déètì sẹ́yìn rẹ̀ kí n má baà máa tan ara mi jẹ. Àwọn ohun tó wà nínú rẹ̀ ò ṣàjèjì: talc, tí wọ́n ti ń fi ṣe àtíkè láti ọjọ́ pípẹ́, mica, òkúta fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń kọ yẹ̀rìyẹ̀rì nínú yanrìn odò, magnesium stearate àti dimethicone tó di gbogbo rẹ̀ pọ̀ kó má baà fọ́, lẹ́yìn náà CI 77491, 77492 àti 77499. Àwọn nọ́ńbà yìí dà bíi ti ọkọ̀, bẹ́ẹ̀ ìpẹtà irin lásán ni wọ́n: pupa, òfeefèé àti dúdú.

Àwọn orúkọ òyìnbó tí wọ́n kọ sábẹ́ àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ò sọ nǹkan kan fún mi, mo bá fún wọn lórúkọ tèmi. Àbúrò ìyá mi ọkùnrin ń hun aṣọ òkè ní Ìṣẹ́yìn, ìdí òfì wọn ni mo ti kọ́kọ́ mọ̀ pé pupa ju ẹyọ kan lọ. Méje nínú àwọ̀ náà ò dán rárá: ẹ̀kọ, èlùbọ́, sányán, osùn, kòkó, ewúro àti èédú. Márùn-ún ń dán: wúrà, bàbà, fàdákà, àlàárì àti ẹtù. Mo mọ̀ pé ẹtù tòótọ́ kì í dán bẹ́ẹ̀. Aró ni wọ́n ń rẹ òwú rẹ̀ sí léraléra títí yóò fi fẹ́ẹ̀ dúdú, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ á wá gba àárín rẹ̀ kọjá bí ìyẹ́ ẹyẹ ẹtù tó fún un lórúkọ. Àmọ́ nígbà tí mo rí àwọ̀ aró yẹn ní igun pálẹ́ẹ̀tì, orúkọ mìíràn ò wá sí mi lọ́kàn.

Ní gbígbẹ ná. Sányán àti kòkó dára gan-an. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì onírun rírọ̀ gbá wọn sínú kòtò ìpéǹpéjú, wọ́n wọ inú ara wọn, mi ò mọ ibi tí ọ̀kan ti parí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀. Osùn le lọ́wọ́ díẹ̀. Ẹ rọra kàn án, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ó jọ ẹni tí wọ́n gbá lójú. Ewúro, ẹ gbàgbé ẹ̀, kí wọ́n lè pé méjìlá ló ṣe wà níbẹ̀. Èlùbọ́ àti ẹ̀kọ ló bà mí nínú jẹ́. Èmi dúdú, mo dúdú bíi kóró iṣin. Talc tó wà nínú àwọn méjèèjì funfun, titanium dioxide náà funfun, àwọ̀ tó yẹ kó borí wọn ò sì pọ̀ tó. Mo fi wọ́n sí òkè ojú, ó wá jọ ẹsẹ̀ ẹni tó jáde nínú ọyẹ́ láì fi ìpara ra á. Ẹni tó bá pọ́n á rí wọn lò. Èmi ò rí wọn lò, àwọn oníbàárà mi púpọ̀ náà ò sì ní rí wọn lò, ìyẹn ni pé àwo méjì nínú méjìlá ti lọ ná.

Àwọn márùn-ún tó ń dán, ní gbígbẹ, ń ṣe bí ẹni tí kò tíì jẹun àárọ̀. Bàbà dà bí iná àtùpà tó ń jó ní yàrá kejì: o mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, kò tàn dé ọ̀dọ̀ rẹ. Wúrà ń jábọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Títẹ̀ ni kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́, ẹ má fà á. Ẹni tó bá ń fà á bí ẹni ń gbálẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ni yóò dán, ìpéǹpéjú á wà bó ṣe wà. Ẹtù ló tún burú jù nínú wọn. Nínú àwo, aró ni. Lójú mi, eérú tó ya búlúù díẹ̀.

Omi ló yí ọ̀rọ̀ padà, àmọ́ mo ti kọ́kọ́ ba nǹkan jẹ́ kí n tó mọ̀ ọ́n lò. Lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, iná ò sí, mo fi tọ́ọ̀ṣì fóònù tan dígí, mo ti búrọ́ọ̀ṣì tó tutù bọ inú àwo fàdákà tààrà. Mo kùn ún, ó rẹwà, mo fọ ojú, mo sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ojú fàdákà ti dì pa, ó ń dán bí ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi pólíìṣì nù. Búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ò rí nǹkan kan mú níbẹ̀ mọ́. Omi ti pa àtíkè náà pọ̀ mọ́ ohun tó dì í mú, nígbà tó gbẹ, ó di èépá. Mo lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ ọn, mo ṣí i wàì, èépá díẹ̀ bá a jáde. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ṣe é. Ó sàn, kò sàn tán. Ẹni tó kọ ọ́ sẹ́yìn páálí pé kí n fi omi sí i ì bá ti fi ìlà kan kún un pé kí omi má wọ inú àwo. Ẹ̀ṣẹ̀ tí mo ka sí wọn lọ́rùn jù nìyẹn.

Látìgbà náà, ẹ̀yìn ṣíbí kékeré ni mo fi ń ha á. Mo ń ha á sórí ìdérí páànù, bí ẹyọ ẹ̀wà kan ṣe tó, mo fi dírọ́pà kán omi ẹ̀kán kan sí i, mo fi búrọ́ọ̀ṣì pẹlẹbẹ pò ó títí yóò fi rí bí òrí tí oòrùn ń mú. Ẹ̀kán méjì ti pọ̀ jù. Á máa ṣàn, ibi tó máa ṣàn sí náà ni inú ojú. Bí mo bá ti tẹ̀ ẹ́ lé ìpéǹpéjú tán, mo máa ń di ojú pa, mo máa ń ka ení títí dé ogójì kí n tó ṣí i. Àwọn oníbàárà kì í fẹ́ gbọ́ èyí, wọ́n fẹ́ ya fọ́tò. Àmọ́ ẹni tó bá yára ṣí ojú, ìlà kan á là á láàárín, kò sì sí bí a ṣe lè tún un ṣe ju ká nù ún nù ká tún bẹ̀rẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mọ bí wọ́n ṣe ń lu aṣọ aró, ọ̀rọ̀ yìí á tètè yé yín. Bí aṣọ bá ti gbẹ lẹ́yìn tí wọ́n rẹ ẹ́, wọ́n á tẹ́ ẹ sórí igi, wọ́n á máa fi olùlù lù ú, pó, pó, pó, títí fọ́nrán òwú á fi tẹ́ pẹrẹsẹ. Aṣọ náà á wá máa dán, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò fi nǹkan tó ń dán sí i. Ohun tí omi ń ṣe fún mica nìyẹn. Ní gbígbẹ, ìpẹ́ mica kọ̀ọ̀kan dojú kọ ibi tó wù ú, afẹ́fẹ́ wà láàárín wọn, ìmọ́lẹ̀ tó bá bá wọn á fọ́n ká. Omi á gbé wọn léfòó, bó sì ṣe ń gbẹ ló ń tò wọ́n lé ara wọn bíi páànù orí ilé, ìmọ́lẹ̀ tó bá kàn wọ́n, ọ̀gangan ibì kan náà ni yóò kọ sí. Ẹtù tó jẹ́ eérú lójú ọ̀tún mi di aró tó jinlẹ̀ lójú òsì, aró tí wọ́n ti lù. Bàbà kúrò ní yàrá kejì, ó wá jókòó sí pálọ̀. Àlàárì, tí mo ti rò pé pupa lásán ni, ní àwọ̀ elésè àlùkò kan tó ń yọjú lábẹ́ rẹ̀ nígbà tí mo bá yí orí. Wọ́n máa ń ní sányán ni baba aṣọ. Nínú pálẹ́ẹ̀tì yìí o, ẹtù tútù ni baba.

Ẹ má fi omi kan àwọn tí kò dán. Mo dán kòkó wò, ó gbẹ ní pàlàpálá bí ògiri alámọ̀ tí òjò ti nà. Osùn sán. Kò sí mica nínú wọn tí omi máa tò. Talc àti àwọ̀ ló wà níbẹ̀, omi kàn kó wọn jọ síbì kan, ó sì fi ibòmíì sílẹ̀ lófo. Ọ̀kan ṣoṣo tó yà mí lẹ́nu ni èédú. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì tó rí bí abẹ́rẹ́ fa ìlà kan lókè irun ìpéǹpéjú, mo fà á jáde díẹ̀ ní ìpẹ̀kun, ó dúró ṣinṣin, ó dúdú, àfi bíi tìróò.

Mo dárúkọ tìróò, ẹ jẹ́ n yà síbẹ̀ díẹ̀. Kò sí àárọ̀ tí ìyá ìyá mi kì í lé e, igo kékeré kan báyìí tí igi rẹ̀ wà nínú ìdérí, wọ́n á la ojú, wọ́n á fa igi náà kọjá lẹ́ẹ̀kan, ó ti tán. Kò sí búrọ́ọ̀ṣì mi tó rí irú ìlà yẹn fà. Àmọ́ òjé, irin olóró tí òyìnbó ń pè ní lead, ló wà nínú òkúta tí wọ́n ń lọ̀ fún un. Ní ọdún 2011, ní Boston l'Amẹ́ríkà, wọ́n rí òjé nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ oṣù mẹ́fà kan tí ìdílé rẹ̀ ṣẹ̀ wá láti Nàìjíríà. Tìróò ni wọ́n ń lé fún un. Nígbà tí wọ́n gbé tìróò náà lọ yẹ̀ wò, òjé inú rẹ̀ lé ní 80%. Mo mọ ìyá tó bínú sí mi nítorí pé mo kọ̀ láti lé e fún ọmọ wọn lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. Èédú tútù ni mo fi ń dá àwọn àgbà lóhùn báyìí. Ọmọ ọwọ́, mi ò ní fi nǹkankan sí i lójú.

Omi wo ló yẹ kéèyàn lò? Mẹ́ta ni mo dán wò. Àkọ́kọ́ ni píọ̀ wọ́tà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ já, kì í ṣe omi kànga, kì í ṣe omi táńkì. Ojú ni, kì í ṣe ẹsẹ̀. Ẹni tó bá ń lo contact lens, gbígbẹ ni mo máa ń ṣe fún un, kí omi má lọ kan lẹ́ǹsì. Èkejì ni sípíréè tí a fi ń mú kí mékọ́ọ̀pù dúró. Ó di àwọ̀ mú ju omi lọ, ọtí inú rẹ̀ sì ta mí lójú títí imú mi fi ń ṣàn. Ẹ̀kẹta ni glycerine láti kẹ́míìsì, ẹ̀kán kan sí omi mẹ́ta. Bí mo ṣe kùn ún tán, mo pariwo pe àbúrò mi kó wá wò ó, torí ó dán ju méjèèjì lọ. Àmọ́ glycerine máa ń fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ mọ́ra ni, afẹ́fẹ́ Ìbàdàn nígbà òjò sì kún fún ọ̀rinrin. Kò gbẹ. Nígbà tó fi di ọ̀sán, ó ti rọ́ jọ sínú kòtò ìpéǹpéjú bí epo orí ọbẹ̀ tó ti sùn. Bóyá nínú ọyẹ́, màá tún un dán wò.

Omi lásán ni mo lò lọ́jọ́ ìgbéyàwó náà. Sányán gbígbẹ wà nínú kòtò lójú méjèèjì, bàbà wà lórí ìpéǹpéjú, ẹtù wà ní igun ìta, èédú sì ṣe ìlà. Ní aago mọ́kànlá, nínú ṣọ́ọ̀ṣì, bàbà ti ń jábọ́ lójú ọ̀tún, mo rí i lórí ìwé orin mi. Òsì ò mira. Ìgbà tí Mọ́mì fi bi mí ní ìbéèrè yẹn, ti ọ̀tún ti fẹ́ẹ̀ lọ tán, sányán nìkan ló kù tó ń ṣe bí ọkùnrin. Ní aago mẹ́rin, wọ́n fà mí jó, mo làágùn bí ẹni gún iyán ogún èèyàn, ìlà kan ṣoṣo, tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun, ló là á lójú òsì. Ìyẹn ò burú fún wákàtí mẹ́sàn-án.

Ìṣòro rẹ̀ ni ẹkún. Nígbà tí ìyàwó kúnlẹ̀ fún àdúrà, tí bàbá rẹ̀ gbé ọwọ́ lé e lórí tí ohùn wọn yí padà, èmi tí mi ò bá wọn tan náà sunkún. Omijé kan ṣoṣo gba igun ojú òsì mi jáde, ó sì gbé ẹtù dání dé àárín ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ohun tí omi gbé wá lomi tún gbé lọ. Ojú ìyàwó ò bàjẹ́, torí pálẹ́ẹ̀tì mi àtijọ́ ni mo lò fún un, a dúpẹ́. Lọ́jọ́ Túsìdé tó tẹ̀ lé e, mo fi sípíréè kun ẹtù kan náà, mo fi òwú tó tutù kàn án lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò ṣàn. Nítorí náà, omi fún ẹni tó ń lọ jó, sípíréè fún ìyàwó àti ìyá ìyàwó, kí wọ́n sì di ojú pa dáadáa kí ọtí inú rẹ̀ gbẹ kí wọ́n tó là á.

Lálẹ́, ti ọ̀tún bá omi àti ọṣẹ lọ lẹ́ẹ̀kan. Ti òsì gba òróró àgbọn lórí òwú, mo gbé e lé e fún bí ìṣẹ́jú kan kó tó jọ̀wọ́ ara rẹ̀. Ẹ má fi kànrìnkàn họ ojú yín o.

Ṣé ó tó ₦12,500? Bí ẹ bá ń wá àwọ̀ tí kò dán nìkan, kò tó o, ẹ ó rí sányán àti kòkó tó dára lówó tó dín sí ìdajì rẹ̀. Ẹni tó bá sì jẹ́ pé inú takisí ló ti ń kun ojú kó tó dé ibiṣẹ́, kí ló fẹ́ fi dírọ́pà àti ìdérí páànù ṣe? Àmọ́ bí ẹ bá ń ṣe irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe, tí ẹ bá ní sùúrù kíka ogójì, bàbà, àlàárì àti ẹtù nìkan tó ohun tí ẹ lè gbé owó lé. Èmi náà ì bá dúró lórí ₦9,000 mi ká ní oòrùn Balógun ò mú mi lórí lọ́jọ́ náà. Ọmọbìnrin kan tí ìgbéyàwó rẹ̀ ń bọ̀ ti rí fọ́tò ojú òsì mi lórí WhatsApp. Ẹtù ni aṣọ òkè tí wọ́n máa wọ̀, ó sì ti san àsansílẹ̀.

Fàdákà ṣì le bí òkúta. Àbúrò mi ní kí n fún òun, òun fẹ́ ha á sínú kútẹ́ẹ̀sì òun. Mo ti gbé ṣíbí náà fún un.